Ràhámọ̀tù Onítíì, Tó Ní Òun Ò Ní Túúbá

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Ràhámọ̀tù lẹ́nu ẹni tó máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, kó lọ bá ẹlòmíì. Èmi Josephine, inú ṣì ń bí mi. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni mí, Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti bí mi, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo sì ń ṣe ní nursing home kan ní Uptown, níbí ní Chicago. Ibẹ̀ ni èmi àti Ràhámọ̀tù ti pàdé. Èmi ń fún àwọn arúgbó lóògùn, òun ń wẹ̀ wọ́n, ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ọmọ Ìwó ni. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, mi ò tíì rí obìnrin tó lágídí tó o láyé mi, bẹ́ẹ̀ èmi náà kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́.

Kékeré ni lójú. Bí ẹ bá rí i ní bus stop nígbà òtútù, nínú kóòtù ńlá tí Gàníyù ọkọ rẹ̀ rà fún un, ẹ ó rò pé kóòtù náà ló ń dá rìn lọ. Gàníyù ń wa táksí. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù àgbà ju bó ṣe bẹ̀rù ọlọ́pàá lọ, kò sí ohun tí àgbà máa sọ tí kò ní dọ̀bálẹ̀ fún. Ràhámọ̀tù náà mọ àgbà í bọ̀wọ̀ fún, kì í kí àgbà lóòró. Àmọ́ tí ẹ bá ní kó pe dúdú ní funfun, ẹ ó jọ jókòó síbẹ̀ ni títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Bó ṣe di onítíì rèé. Ọjọ́ kan ní January, a ti parí shift, bọ́ọ̀sì kọ̀, kò dé. Atẹ́gùn tó ń ti orí adágún bọ̀ ń gbá èèyàn létí. Ràhámọ̀tù sá wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Argyle, nísàlẹ̀ ibi tí rélùwéè El ń gbà kọjá. Ìgbóná ló ń wá, kò mọ ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ń jẹ́ Dorothy. Ọmọ Táíwáànì ni, ó lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ẹnu àwọn òyìnbó ni kò gbà á, ìgbà tó sú u ló mú Dorothy. Ó rí Ràhámọ̀tù tó ń gbọ̀n, ó gbé kọ́ọ̀bù tíì kan fún un.

Ẹ sáà mọ̀ wá. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun gbígbóná yòówù tó bá ti wà nínú kọ́ọ̀bù, tíì ni. Milo, tíì ni. Bournvita, tíì ni. Lipton gan-an tó jẹ́ tíì, a ó da wàrà inú agolo sí i títí yóò fi funfun, a ó ju ṣúgà onígun sí i, a ó wá ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́. Ràhámọ̀tù wo inú kọ́ọ̀bù, ó rí omi pupa rúsúrúsú lásán, ó ní, “Please, where is the milk? And sugar?” Dorothy nawọ́, ó gba kọ́ọ̀bù náà padà.

Háà! Lọ́wọ́ ọmọ Ìwó! Ràhámọ̀tù ní kí ló dé, ṣé olè ni òun ni? Dorothy ní kò sí wàrà nínú ṣọ́ọ̀bù òun, kò sí ṣúgà, kò sì ní sí láéláé. Ràhámọ̀tù ní a jẹ́ pé ohun tó ń tà kì í ṣe tíì nìyẹn. Dorothy ní ohun tí Ràhámọ̀tù ti ń mu láti kékeré ni kì í ṣe tíì. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, wọ́n ń fi òyìnbó tí kò délẹ̀ bú ara wọn, èyí kò gbọ́ tọ̀hún dáadáa. Nígbà tó yá, Dorothy gbé kọ́ọ̀bù náà padà síwájú rẹ̀, ó ní kó kọ́kọ́ mu ún ná, tó bá mu ún tán kó wá máa bú òun lọ.

Ó mu ún. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ń yí arúgbó kan padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ohun tó kọ́kọ́ kan òun nímú ni àgbàdo sísun, èyí tí iná jó díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, oyin. Ó ní ó korò díẹ̀ lórí ahọ́n, kì í ṣe ìkorò tí èèyàn ń tutọ́ sí, àti pé ìgbà tí òun gbé e mì tán ni ọ̀rọ̀ wá dé: ọ̀fun òun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

“Josephine, o ti jẹ orógbó rí, kí o wá mu omi lé e?”

Mo ní mo ti jẹ ẹ́.

“Bó ṣe ń dùn lọ́nà ọ̀fun yẹn gan-an nìyẹn. Èyí ò wá nílò omi.”

Mo ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ó ní kí n bọ̀. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Dorothy lẹ́yìn iṣẹ́, èmi náà mu ún, ẹnu mi sì wọhò.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ tó bá ti jẹ́ off fún un, Argyle ló ń lọ. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni Dorothy ti ń yan tíì. Orí òkè gíga ni wọ́n ti ń gbin ewé náà nílùú wọn, níbi tí kùrukùru kì í ti í kúrò lórí oko. Òtútù ibẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè dàgbà, ìdí nìyẹn tí ewé rẹ̀ fi nípọn tí adùn sì fi dúró sínú rẹ̀. Wọ́n á ká a, wọ́n á fún un mọ́ra títí yóò fi di kóró kóró. Ẹ má bínú, ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni mo kọ́kọ́ pè é. Dorothy á dà á sínú apẹ̀rẹ̀ ọparun, á gbé apẹ̀rẹ̀ sórí ẹyín iná tó ti fi eérú bò, kó máa yan díẹ̀díẹ̀. Iná tó bá pọ̀ á sun ún di èédú, iná tó bá kéré kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ìyá Ràhámọ̀tù sì rèé, ẹ̀pà yíyan ni wọ́n ń tà ní Ìwó, ẹ̀gbẹ́ agbada yanrìn gbígbóná ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Òórùn iná kì í ṣe àjèjì sí i. Kò pẹ́ tí Dorothy fi fa ewé yíyí lé e lọ́wọ́, àwọn méjèèjì á wá máa bá ara wọn jiyàn lórí iná láti ọ̀sán títí wọn yóò fi ti ṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n rírẹ tíì náà ni iṣẹ́ gan-an. Omi gbọ́dọ̀ hó, kó hó kutukutu, kì í ṣe èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Á kọ́kọ́ fi omi gbígbóná ṣan ìkòkò amọ̀ kékeré kan kí ara rẹ̀ lè gbóná. Á da ewé sí i, á rọ omi lé e, ojú ẹsẹ̀ náà ló sì máa da omi àkọ́kọ́ yẹn nù. Ìyẹn kò sí fún mímu, ewé ló fi ń fọ̀, tó fi ń jí i. Omi kejì ni tíì. Á dé ìkòkò. Dorothy máa ń ka nọ́ńbà lédè wọn kó lè mọ ìgbà tó yẹ kó dà á jáde. Ràhámọ̀tù ní tí òun bá ń ka nọ́ńbà, ọkàn òun á ti lọ sí Ìwó kó tó dé ìdajì, nítorí náà Fátíà ló ń kà. Tó bá ti dé àmín, á dà á jáde. Omi tó bá tẹ̀ lé e, á fi Kúlúwálláhù kún un, nítorí agbára ewé ti ń dín kù. Ewé kan náà ló ń gba omi léraléra bẹ́ẹ̀, adùn rẹ̀ á sì máa yí padà. Ti àkọ́kọ́ á máa rùn fún iná, ti àárín á dùn fún oyin, ti ìgbẹ̀yìn á kàn rọ̀ lẹ́nu bẹ́ẹ̀ ni. Dorothy ní Fátíà dára ju aago lọ.

Ẹ wá jẹ́ kí n dé orí Bàbá Park Forest.

Alhaji Sàláhúdéènì lorúkọ wọn. Park Forest ni ilé wọn wà, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìwó làwọn náà, wọ́n jẹ́ supervisor níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ní downtown, àwọn sì ni alága ẹgbẹ́ àsàlátù àwọn mùsùlùmí Yorùbá tó ń pàdé lọ́jọọjọ́ Sunday nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ń háyà. Àwọn ló dúró bíi bàbá fún Ràhámọ̀tù lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì òun àti Gàníyù. Ẹ rí i pé kì í ṣe àjèjì, ọwọ́ wọn ni wọ́n fi fa ọmọ náà fún ọkọ. Tí ààwẹ̀ bá sì dé, Ràhámọ̀tù ló máa ń se oúnjẹ ìṣínu fún gbogbo ẹgbẹ́ ní Sunday. Àwọn èèyàn á wa mọ́tò láti Oak Park àti Tinley Park nítorí àkàrà rẹ̀ àti ògì rẹ̀. Èmi tí mi ò gbààwẹ̀, mi ò pa ìṣínu kan jẹ. Iṣẹ́ yẹn ló fi ń yangàn láyé rẹ̀. Nínú nursing home, “hey you” ni wọ́n ń pè é. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, Ìyá Ìṣínu ni.

Ọdún 1986, nígbà tó kù díẹ̀ kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Dorothy fi ohun èlò tíì ta Ràhámọ̀tù lọ́rẹ. Àwo onígi kan tó ní ihò tí omi ń gbà sálẹ̀, ìkòkò amọ̀, àwọn kọ́ọ̀bù kéékèèké, àti ọ̀pọ̀lọ́ kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Lọ́dọ̀ wọn, wọ́n máa ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí àwo, wọ́n á máa da omi àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n dà nù lé e lórí kó lè máa dán. Eré ni, bí ọmọdé ṣe ń wẹ bèbí. Ní Saturday kan, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá jókòó nílé Ràhámọ̀tù ká lè ṣí ohun èlò náà.

Ibi tí a jókòó sí ni Gàníyù ti ṣílẹ̀kùn fún Bàbá Park Forest, tó wá sọ̀rọ̀ oúnjẹ ààwẹ̀.

Ẹ bá mi wo ohun tí ojú wọn rí. Ojú ni mo dì, mo gbé kọ́ọ̀bù òfìfo símú, mò ń gbọ́ òórùn rẹ̀, nítorí òórùn ìdí kọ́ọ̀bù yẹn dùn ju tíì gan-an lọ. Kọ́ọ̀bù náà kò ju irú èyí tí àwọn ọ̀mùtí fi ń gbé ògógóró sọ́nu lọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ́n bíi bùràǹdì. Dorothy ń fa tirẹ̀ síìì, bí wọ́n ṣe ń mu ún. Ràhámọ̀tù ti pààrọ̀ ewé, ó ti rọ omi kejì, ó ti dé ìkòkò, ó wá tẹrí ba síwájú àwo, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń da omi àkọ́kọ́ tó bù sọ́tọ̀ lé ọ̀pọ̀lọ́ amọ̀ lórí.

Ẹni tí kì í bá ṣe Yorùbá, kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ ju tíì lọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá tó dàgbà nílé, tó rí ère amọ̀, tó rí ẹni tó ń da àkọ́kọ́ ohun mímu sílẹ̀ fún un, tí ẹnu rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó mọ ohun tí òun rí. Ó rí ẹni tó ń bọ òrìṣà.

“Ràhámọ̀tù!” Ohùn wọn gbé mi láti orí àga. “Kí lò ń ṣe?”

Ràhámọ̀tù kúnlẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Tíì ni o. Ẹ jókòó kí n bu díẹ̀ fún yín.”

“Kí lò ń pè sí i?”

“Fátíà ni, Bàbá.”

“A'ùsùbilà!” Wọ́n fẹ̀yìn rìn. “Fátíà! Lórí ọtí! Níwájú ère!”

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ ọ wò, tíì ni.” Wọ́n ní kí n má bá àwọn sọ̀rọ̀. Wọ́n wo Gàníyù láti òkè délẹ̀, Gàníyù ti dọ̀bálẹ̀ síbi tó wà láì mọ ohun tó fà á. Wọ́n jáde, wọn ò jókòó, wọn ò mu omi.

Ọjọ́ kejì tó jẹ́ Sunday, Bàbá dìde lẹ́yìn ìrun, wọ́n sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn, wọ́n sì gbé ohùn sókè débi pé àwọn tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́. Wọ́n ní ojú àwọn ló rí i, wọn ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ràhámọ̀tù ìyàwó Gàníyù ń mu ọtí àwọn ará Ṣáínà, ó sì ń fi bọ ọ̀pọ̀lọ́. Kí ẹnikẹ́ni má jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, àfi tó bá dìde níwájú gbogbo èèyàn, tó túúbá, tó sì fọ́ ère náà mọ́lẹ̀.

Ràhámọ̀tù dìde láàárín àwọn obìnrin. “Bàbá, mi ò mu ọtí, mi ò sì bọ nǹkan kan. Kí ni mo fẹ́ túúbá fún?”

Wọ́n ní kó jókòó. Kò jókòó. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó rìn jáde láàárín wọn, kò sáré.

Ọ̀rọ̀ búburú kì í pẹ́ lọ́nà. Kó tó di ọjọ́rú, wọ́n ti gbọ́ ní gbogbo ibi tí Yorùbá wà ní Chicago. Ẹnìkan tiẹ̀ tẹ fóònù sílé, ìyá rẹ̀ gbọ́ ní Ìwó, ìyá àgbà náà sì ń sunkún pé ta ló rán ọmọ òun lọ síbi tí wọ́n ti ń bọ ọ̀pọ̀lọ́. Ìyẹn ló dun Ràhámọ̀tù jù. Ó sunkún nínú yàrá tí a ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí níbi iṣẹ́, mo di ilẹ̀kùn mú kí ẹnikẹ́ni má wọlé.

Gàníyù bẹ̀ ẹ́. Ojú mi ló ṣe. Ó ní, “Ìwọ ṣáà sọ pé o túúbá. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Àgbà ni wọ́n. Fọ́ ọ̀pọ̀lọ́ yẹn, màá ra òmíràn fún ẹ.”

“Gàníyù, tí mo bá túúbá fún ohun tí mi ò ṣe, mo ti ṣe é nìyẹn. Títí ayé ni wọ́n á máa sọ pé mo bọ ọ̀pọ̀lọ́ rí, mo kàn jáwọ́ ni. Ṣé ohun tí o fẹ́ kí wọ́n sọ fún ìyá mi nìyẹn?”

Gàníyù mú kọ́kọ́rọ́ táksí rẹ̀, ó jáde.

Èmi kò lè pa á mọ́ra. Mo lọ síbi ìpàdé wọn, mo ní èmi náà wà níbẹ̀, mo mu ún, tíì ni, mo lè fi Bíbélì búra. Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Ọkùnrin kan ní, “Ìwọ Josephine tí a jọ wà níbi ìkómọ ọmọ Ọlábímtán, tí o gbé bíà lọ́wọ́ ọ̀tún, tí o gbé bíà lọ́wọ́ òsì? Ọtí wo ló tún lè jọ ọtí lójú tìẹ?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣépè fún mi? Rárá o. Wọ́n bu oúnjẹ fún mi. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Inú bí mi débi pé mi ò jẹ oúnjẹ náà tán.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ṣe. Sunday àkọ́kọ́, ó wá. Ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó gbé àwo onígi, ìkòkò, kọ́ọ̀bù, omi gbígbóná nínú fúláásì, àti ọ̀pọ̀lọ́ náà dání, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà lápá ti àwọn obìnrin. Nígbà tí oòrùn wọ̀ tí wọ́n pe ìrun, ó fi dàbínù kan ṣínu, ó da omi àkọ́kọ́ lé ọ̀pọ̀lọ́ lórí, ó ka Fátíà rẹ̀, ó sì mu tíì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gàníyù jókòó sáàárín gbọ̀ngàn, kò sún mọ́ ìyàwó rẹ̀, kò sún mọ́ Bàbá. Sunday kejì, ó tún wá. Mo ní, “Ràhámọ̀tù, ṣé kò tó? Jókòó sílé rẹ.” Ó ní ẹni tó bá jókòó sílé ló jẹ̀bi.

Rùkáyátù, ìyàwó Bàbá Park Forest, ni wọ́n gbé oúnjẹ lé lọ́wọ́. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ẹni rere láìdáa. Èèyàn rere ni Rùkáyátù. Ṣùgbọ́n mọ́ínmọ́ín rẹ̀, tí ẹ bá sọ ọ́ lu ògiri, ògiri ló máa fọ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn ará Oak Park ò wá mọ́. Ó rẹ Rùkáyátù, ó ń se oúnjẹ ogunlọ́gọ̀ èèyàn, wọn ò sì kí i kú iṣẹ́.

Ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ó wá sílé Ràhámọ̀tù ní Uptown láìsọ fún ọkọ rẹ̀. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Kò gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà, obìnrin mọ ìdí rẹ̀. Ó ní, “Ràhámọ̀tù, mo bẹ̀ ọ́, ohun tí ọkọ mi ń bi mí lójoojúmọ́ ni kí ló dé tí ògì mi ò dà bíi tìẹ. Kí ni nǹkan yìí gan-an? Sọ òótọ́ fún mi.”

Ràhámọ̀tù gbààwẹ̀, kò lè mu. Ó kàn gbé omi kaná. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ lójú Rùkáyátù, kò yọ ọ̀kankan kúrò, títí kan ọ̀pọ̀lọ́. Rùkáyátù gbé kọ́ọ̀bù, ó ní bísímílà, ó mu ún. Ó jókòó, ó ń dúró kó pa òun. Kò pa á. Ó ní kí wọ́n bu òmíràn. Nígbà tó mu ìyẹn náà tán, ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀, ó ní, “Èwo ni adùn tó ń dé lẹ́yìn yìí?” Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ló tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. “Tíì lásán ni wọ́n torí ẹ̀ sọ ọ́ di ẹlẹ́bọ. Màá sọ fún wọn lónìí.”

Ó sọ fún wọn lóòótọ́. Bàbá Park Forest wá ṣe kí ni? Wọ́n pe Gàníyù lórí fóònù, wọ́n ní kó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn ti dárí jì í. Kó gbé oúnjẹ wá ní Sunday tó ń bọ̀, ká má sọ̀rọ̀ náà mọ́.

Gàníyù fò wọlé bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ó ní, “Ó ti parí! Bàbá ti dárí jì ẹ́!”

Ràhámọ̀tù ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó gbé ẹ̀wà sílẹ̀. “Kí ni mo ṣe tí wọ́n fi dárí jì mí?”

“Àbí kí lo tún fẹ́?”

“Wọ́n sọ ọ́ síta, wọ́n ń tún un ṣe lábẹ́lẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́, ta ló máa lọ bá wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan? Ta ló máa sọ fún ìyá mi? Sọ fún Bàbá pé mi ò gba ìdáríjì. Mi ò sì gbé oúnjẹ bọ̀.”

“Ràhámọ̀tù, àwọn ni bàbá ẹ nílùú yìí!”

“Ìdí tó fi dùn mí nìyẹn.”

Sunday tó kẹ́yìn ààwẹ̀, gbọ̀ngàn kún. Gàníyù kò jẹ́ sọ fún Bàbá pé ìyàwó òun kọ̀, nítorí náà gbogbo èèyàn ti gbọ́ pé Ràhámọ̀tù máa se oúnjẹ, àwọn ará Oak Park padà wá, ti Tinley Park náà wá. Ràhámọ̀tù wọlé pẹ̀lú àwo tíì nìkan. Kò jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó rìn gba àárín àwọn ọkùnrin kọjá, ó lọ títí dé iwájú àga Bàbá Park Forest, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ó gbé àwo náà sílẹ̀ níwájú wọn.

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ràhámọ̀tù, kí lèyí? Mo ti rán Gàníyù sí ọ.”

“Ó jíṣẹ́, Bàbá. Ẹ kú ààwẹ̀. Mo ní kí n fún yín ní nǹkan ẹ ṣínu ni.”

Oòrùn wọ̀, wọ́n pe ìrun. Bàbá mú dàbínù kan, wọ́n jẹ ẹ́, wọn ò mọ ibi tí wọ́n fẹ́ wò. Ràhámọ̀tù ṣan ìkòkò. Ó da ewé sí i, ó rọ omi, ó gbé ìkòkò sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i, ó sì da omi àkọ́kọ́ lé ọ̀pọ̀lọ́ amọ̀ lórí. Àwọn kan ní hàà. Ó rọ omi kejì, ó dé e. Lọ́jọ́ náà kò kà á sínú. Ó ka Fátíà sókè ketekete láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nígbà tó sì dé ìparí, àwọn kan ti ṣe àmín kí wọ́n tó rántí pé orí tíì ni wọ́n ń ṣe é sí. Ó bu ún sínú kọ́ọ̀bù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá.

Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Ọmọ tí àwọn fúnra wọn fà fún ọkọ wà lórí ìkúnlẹ̀, àsìkò ìṣínu ni, gbogbo ayé ń wò. Rùkáyátù dúró lápá àwọn obìnrin, ó káwọ́ lérí. Bàbá gba kọ́ọ̀bù náà. Wọ́n mu ún. Mo rí i tí ojú wọn yí padà nígbà tó dé ọ̀fun, nítorí mo mọ ibi tó ń gbà wọlé. Wọ́n gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀.

“Ó dáa. Kí Ọlọ́run gba ààwẹ̀ wa. Dìde, ọmọ mi.”

Kò dìde. “Kí lẹ mu, Bàbá?”

“Mo ní dìde.”

“Mo bẹ̀ yín, Bàbá. Kí lẹ mu?”

Gàníyù dìde níbi tó jókòó sí. Mo ní ó ti parí, ó fẹ́ wá fà á kúrò níbẹ̀. Mo ti ń wá bàtà mi tí màá sọ lù ú. Ó rìn lọ síwájú, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ ti ìyàwó rẹ̀. Ó kàn kọjú sí Bàbá.

Bàbá sọ̀rọ̀ sábẹ́ irùngbọ̀n wọn. “Tíì ni.”

“Ẹ gbé ohùn sókè, Bàbá. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Ọjọ́ tí ẹ pè é ní ọtí, àwọn tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́.”

Inú bí wọn. Mo rí i. Mo sì rí i nígbà tí ìbínú náà kúrò lójú wọn, tó ku ojú ẹni tó mọ̀ pé òun ṣe ọmọ òun láìdáa. Wọ́n na ara wọn, wọ́n kọjú sí gbogbo gbọ̀ngàn.

“Tíì ni! Tíì ni mo mu. Kì í ṣe ọtí, Ràhámọ̀tù kò sì bọ nǹkan kan. Èmi Sàláhúdéènì ni mo ṣì í sọ.”

Ràhámọ̀tù tẹrí ba fún wọn, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

“Ẹ ṣé, Bàbá,” ló wí. “Mo ti dárí jì yín.”

Ó wá dìde.